Sípíkà Apá Ọ̀tún Bàbá Japheth

Nínú mọ́tò tó gbé wọn láti Àgó-Ìwòyè lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìkìlọ̀ mẹ́ta ni Adémúyìwá ṣe fún Abibat. Àkọ́kọ́, kó má jókòó títí wọn á fi ní kó jókòó. Èkejì, bí Màmá Àtìkòrí, ẹ̀gbọ́n bàbá òun, bá bi í bóyá ó mọ ìkọ́kọrẹ́ sè, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó má dáhùn. Ẹ̀kẹta ló wá le jù.

"Bàbá mi máa fi orin sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ohùn dùùrù bá ti lọ sísàlẹ̀, nǹkan kan á máa gbọ̀n nínú sípíkà. Jọ̀ọ́, má sọ nǹkan kan. Ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

"Kí ló ń gbọ̀n?"

"Ṣé o rí i? O ti ń béèrè."

"Inú mọ́tò la ṣì wà, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. Kí ló ń gbọ̀n?"

"Bí a bá mọ̀ ọ́n ni, ṣé á ṣì máa gbọ̀n?"

Ẹ̀rù tó ń ba Adémúyìwá kì í ṣe lásán. Ọdún 1995 ni. Olùkọ́ ìṣirò ni òun, ní ilé ìwé gíga kan ní Àgó; Abibat sì wà lọ́dún tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fẹ́ra, ó sì mọ irú ẹni tí ó ń fẹ́. Oṣù tó kọjá ni Abibat dìde níbi tí olùkọ́ wọn ti ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, tó gun orí tábìlì, tó sì fi etí owó kọ́bọ̀ kan de sukúrú ìdí fáànù tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lókè, kí ó tó wá sọ̀kalẹ̀ tọrọ gáfárà. Bí nǹkan bá ń dún níbi tí kò yẹ kó ti dún, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èèrà ń rìn lára rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí Adémúyìwá kò sọ fún un. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kórìíra àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kò kórìíra èṣù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bi í nílé pé iṣẹ́ wo ni bàbá Abibat ń ṣe, "iṣẹ́ iná" ló fi dá wọn lóhùn. Kò purọ́ jù. Iná wà nínú rédíò.

Japheth Olúsànyà, bàbá Adémúyìwá, ti fìgbà kan rí jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ onígẹdú kan. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù ìjọ Aládùúrà wọn ní Òkè-Àgbò, èyí tó ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1979 ló ra sítẹ́ríò kan: ibi tí wọ́n ti ń lo rẹ́kọ́ọ̀dù wà lókè, ti kásẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, sípíkà méjì sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà ọba, wọ́n ga dé àyà ọmọdé. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi dùn mọ́ ọn létí. Lọ́dún 1989, ó fẹ́ gbọ́ orin kan lẹ́yìn ìsìn, dùùrù bọ́ sí ohùn ìsàlẹ̀, ó sì gbọ́ "gbẹẹrẹrẹẹ", bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú agolo mílíìkì.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ò ti rójú. Bàbá kò lá àlá kan, kò rí ìran kan mọ́, ìró yẹn nìkan ló gbà á lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ sọ pé aago ara ògiri ló ń gbọ̀n, ó yọ aago. Lẹ́yìn náà, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ló kàn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Leah, fi ìwé ìròyìn wé àwo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé. Wọ́n ká páálí sẹ́nu gíláàsì fèrèsé. Wọ́n já fọ́tò ìgbéyàwó wọn lára ògiri, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá gbé Bíbélì ńlá lé orí sípíkà pé bóyá àpótí rẹ̀ ló fúyẹ́, ó gbé ọlọ lé e nígbà tí Bíbélì kò tó. Ìgbọ̀n náà ò kúrò. Sípíkà wá dúró sí pálọ̀ pẹ̀lú ọlọ lórí, àlejò tí kò bá mọ̀dí a máa rò pé ata ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ni Adémúyìwá àti Abibat wọlé. Bàbá jókòó nínú àga rẹ̀. Màmá Leah ń ṣí ìkòkò wò ní kíṣìnnì. Àmọ́ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ múra ni Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, tó wá láti Àtìkòrí, tí gbogbo ọmọ ẹbí sì ń pè ní Màmá Àtìkòrí. Kò sí ìyàwó tó wọ ìdílé náà tí kò kọ́kọ́ gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Ó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi páàdì sí èjìká rẹ̀, bó ṣe jẹ́ àṣà nígbà náà, èjìká ọ̀hún sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi sójà.

Abibat kúnlẹ̀. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dìde.

"Dìde, ọmọ mi," Màmá Àtìkòrí wí. "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Abibat. Wọ́n ní mùsùlùmí ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò burú. Ìyá tó bí ìyá wa, Asimawu lorúkọ rẹ̀. Bàbá ẹ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Iṣẹ́ iná ni, mà," ni Adémúyìwá yára dáhùn.

"Ìwọ ni mo bi?"

Abibat rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ń lo ìdáhùn ìkọ́kọrẹ́ níbi tí kò yẹ.

Oúnjẹ dé. Ìkọ́kọrẹ́ ni, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí àbúrò Màmá Leah fi ránṣẹ́ láti Èfìrè létí ọ̀sà. Abibat ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Bàbá Japheth wá dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí tó ń tì, ó gbé e sókè kí wọ́n rí i.

"Ìkórè wa ti ọdún 1991 nìyí," ó ní. "Èmi ni mo tẹ dùùrù. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú Àríwá lọ́dún yẹn. Ẹ tẹ́tí."

Orin bẹ̀rẹ̀. Kwáyà gbé e, ó dùn. Dùùrù tẹ̀ lé wọn. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀: gbẹẹrẹrẹẹ. Màmá Leah tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Màmá Àtìkòrí wo òkè àjà. Adémúyìwá ń wo Abibat, ó sì rí i pé ó ti dẹ́kun jíjẹ. Ó rí i tí orí rẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó rí i tí ẹnu rẹ̀ ká jọ, tó sì ń súfèé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sábẹ́ eyín, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń ronú. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ Màmá Àtìkòrí ló gbá.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Màmá Àtìkòrí pariwo.

"Bàbá," Abibat wí, "ẹ má bínú, sà. Ti apá ọ̀tún ni. Kì í ṣe inú ilé ni nǹkan ti ń gbọ̀n, inú sípíkà gan-an ni."

Bàbá Japheth pa orin náà.

"Ẹni mẹ́ta," Bàbá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, "ẹni mẹ́ta ló ti wá sínú ilé yìí wá sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Èyí àkọ́kọ́ ní àńpù tó ń gbé ohùn sókè ni, ó gbé àńpù lọ fóṣù mẹ́ta, ó gbé e padà, ó ń gbọ̀n. Èkejì ní eku ló wọ inú àpótí, ó da káńfọ̀ sí i. Títí dòní, bí mo bá ń gbọ́ orin ìyìn, káńfọ̀ ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wá burú jù. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí. Ó tẹ ìka mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń súfèé, ó ní fóòmù inú rẹ̀ ló jẹrà. Fóòmù! Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ni mo pè é wá tún ṣe ni? Mo lé e jáde. Ará Ìlapòrú ni. Mùtàlíbù lorúkọ rẹ̀."

Abibat ti tún bu ẹja sẹ́nu; egungun rẹ̀ há a lọ́fun. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá Leah gbá a lẹ́yìn, ó fún un lómi.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o mọ ọkùnrin náà ni?"

Abibat wo Adémúyìwá. Adémúyìwá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù.

"Bàbá mi ni, mà."

"Èwo ni bàbá ẹ?" Màmá Àtìkòrí wí. "Ṣebí iṣẹ́ iná ni bàbá ẹ ń ṣe!"

"Iná wà nínú rédíò, Màmá," Adémúyìwá wí.

"Éè rí bẹ̀!" Màmá Àtìkòrí fọwọ́ lérán. "Japheth, o gbọ́? Ọmọ ẹni tó o lé jáde lọmọ rẹ fẹ́ mú wálé."

Bàbá Japheth padà jókòó sínú àga rẹ̀. Ojú ti ń tì í díẹ̀, inú sì ń bí i díẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì jẹ́ kí ọ̀kan borí. Màmá Leah ló sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà bó bá sọ ọ́, wọn a máa gbọ́.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jẹun nínú àwo tí mo ń tú látinú ìwé ìròyìn. Abibat, ọmọ mi, kí lo nílò?"

"Sukudiráfà, mà. Àti abẹ bíléèdì."

Nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gbé ọlọ sọ̀kalẹ̀. Èkejì, ó bẹ Bàbá kó ṣí ẹ̀yìn àńpù, kó fi wáyà apá òsì sí apá ọ̀tún, kó fi ti ọ̀tún sí òsì. Bàbá ṣe é fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún tan orin. Gbẹẹrẹrẹẹ, láti inú àpótí apá ọ̀tún kan náà.

"Ẹ rí i, sà," Abibat wí. "Bó bá jẹ́ pé àńpù ni, tàbí kásẹ́ẹ̀tì, ìgbọ̀n náà ì bá ti bá wáyà kọjá sí òsì. Kò kúrò níbi tó wà."

Bàbá Japheth ṣe "hùn-ún". Kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún un nípa sípíkà yìí rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án.

Abibat ká apá aṣọ rẹ̀, aṣọ léèsì aláwọ̀ wàrà tí ìyá rẹ̀, Nimotalahi, yá a pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yọ aṣọ tó bo iwájú sípíkà, ó tú sukúrú mẹ́jọ, ó gbé sípíkà jáde nínú àpótí. Ó fi ìka mẹ́rin tẹ páálí rìbìtì àárín rẹ̀ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ń ha nǹkan nínú, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀ yìí, sà."

Bàbá na ìka kan. Níbi tí páálí ti pàdé irin, ohun dúdú kan tó yẹ kó mú un dúró sójú kan fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ilé ikán. Ó kó díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Kí nìyí?"

Abibat ò fẹ́ sọ ọ́. "Òun náà ni, sà."

"Fóòmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ooru ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti jẹrà, páálí ò ní ohun tó dì í mú mọ́, wáyà àárín rẹ̀ á máa fara gbá irin. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń mì ín jù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dùùrù ló ń fi hàn."

Bàbá da èérún dúdú náà sórí àwo tí wọ́n fi jẹun. Ó jókòó. Ó wá dà bí ẹni pé díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ọjọ́ orí rẹ̀.

"Níbo la ti máa rí fóòmù báyìí?" Màmá Leah béèrè.

"Bí a bá rí èyí tó fẹ́lẹ́, mà, tó rọ̀. Ti bẹ́ẹ̀dì nípọn jù."

Ojú Abibat ń wá kiri pálọ̀. Ó dé ara àga, ó kúrò. Ó dé ara kọ́tìnì, ó kúrò. Ó dé èjìká Màmá Àtìkòrí, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kí lo ń wò?" Màmá Àtìkòrí wí.

Màmá Leah ti dìde lọ sí yàrá, ó gbé búláòsì tirẹ̀ kan jáde, ó ń tú òwú abẹ́ èjìká rẹ̀. Páàdì fóòmù méjì já bọ́. Abibat fi abẹ là wọ́n sí pẹlẹbẹ, ó gé wọn ní ìlàjì òṣùpá, ó tò wọ́n yí etí páálí ká. Wọn kò yí i tán. Ó ku ibi tó tó ìbú ọwọ́ kan.

Gbogbo wọn wá wo Màmá Àtìkòrí.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, orí yín pé?"

"Ẹyọ kan péré, ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá Japheth wí.

"Aṣọ tí mo wọ̀ wá wo ìyàwó!"

"Àbẹ̀bí," Bàbá wí, kò sì pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà léwe, "jọ̀ọ́."

Màmá Àtìkòrí yọ ọ́. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó yọ ọ́, ó sì padà wá jókòó pẹ̀lú èjìká kan lókè, èkejì nílẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì jọ, ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wo òun.

Adémúyìwá sáré lọ gba gọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bàtà lójúlé kejì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn pé ó kúrò nílé. Kí ó tó dé, Abibat ní òun tún ń wá nǹkan kan, ike tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí òun máa gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí òun fi há àárín wáyà náà mọ́ ojú kan títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Bàbá ronú. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò ìwé ńlá kan jáde. Ẹ́síréè ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ti ìgbà tí igi gẹdú yí lù ú lọ́dún 1986.

"Ibo lo máa gé níbẹ̀?"

"Etí rẹ̀ nìkan, sà. Mi ò ní kan egungun."

Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró. Nẹ́pà wá mú iná lọ, fáànù dúró, wọ́n ń làágùn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti dára. Nígbà tó di aago mẹ́ta, Abibat yọ tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ́síréè wọ̀nyẹn, ó yọ bátìrì kan nínú tọ́ọ̀ṣì Bàbá, ó so wáyà méjì mọ́ ọn, ó fi kan ìdí sípíkà. "Pọ́ọ̀", páálí náà fò síta. Ó yọ ọ́, páálí padà sáyè rẹ̀. Kò ha nǹkan.

"Jẹ́ kí n ṣe é," Bàbá wí.

Ó ṣe é. Pọ́ọ̀. Ó tún ṣe é. Ó ṣe é nígbà bí ogún, Màmá Leah sì ní kó jẹ́ kí bátìrì kù fún alẹ́.

Iná dé ní aago mẹ́rin kọjá. Wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí. Bàbá Japheth dá kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó di ojú. Kwáyà gbé orin. Dùùrù tẹ̀ lé wọn, ó sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí i, ohùn rẹ̀ kún gbogbo pálọ̀, ó ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nínú sìmẹ́ńtì. Kò sí ìgbọ̀n. Màmá Leah fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ku ẹsẹ kẹta. Nígbà tí wọ́n dé àárín rẹ̀, dùùrù fa ohùn kan gùn, ohùn náà sì wọ́. Kì í ṣe sípíkà. Ohùn méjì tí kò bára tan ló jáde papọ̀, bí ìgbà tí ewúrẹ́ méjì bá dìjọ fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan. Kwáyà gan-an dákẹ́ díẹ̀ kó tó rí ara rẹ̀ gbé.

Bàbá Japheth la ojú. Ó dá a sẹ́yìn. Ó tún gbọ́ ọ.

"Kí nìyẹn?" Màmá Àtìkòrí béèrè. "Àbí ọmọ yìí ti bà á jẹ́ ni?"

Abibat mọ ohun tó jẹ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó dákẹ́. Ó tiẹ̀ gé ètè jẹ.

"Kò bà á jẹ́," Bàbá Japheth wí. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ni. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ igi méjì lábẹ́ dùùrù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ fún gbogbo ìjọ tó bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí pé sípíkà ló ń ṣe é."

Màmá Leah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abibat. Adémúyìwá ò mọ̀ bóyá ó yẹ kó rẹ́rìn-ín, ó wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé èjìká bàbá rẹ̀ ti ń mì, ó sì gbà pé ó yẹ. Màmá Àtìkòrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú wọn Abibat láti òkè délẹ̀, léèsì tó kún fún èérún dúdú, ìka tó kún fún gọ́ọ̀mù.

"Ṣé o mọ ìkọ́kọrẹ́ sè?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Wàá wá sí Àtìkòrí, èmi ni màá kọ́ ọ. Rédíò mi náà ò dáa."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Ìlapòrú, Bàbá, Màmá Leah, Màmá Àtìkòrí àti Adémúyìwá. Láti ilé ni Bàbá Japheth ti ń há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí. Mùtàlíbù kí wọn káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, Nimotalahi gbé omi tútù wá. Kí Màmá Àtìkòrí tó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdílé, Bàbá Japheth ti dìde.

"Mùtàlíbù, mo ṣẹ̀ ọ́. Òótọ́ lo sọ fún mi."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," Mùtàlíbù wí. "Abibat ti sọ fún mi. Ibi kan ló rú mi lójú. Báwo ni fóòmù náà ṣe fẹ́lẹ́ tó nígbà tó là á tán? Nítorí pé bó bá nípọn, kò ní lo ọdún kan."

"Ó fẹ́lẹ́ bí èyí," Bàbá fi ìka hàn án.

"Háà. Ó nípọn. Ẹ wá wò ó, èyí tó yẹ ẹ́ gan-an wà níbí."

Wọ́n dìde, àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń súfèé, ìkejì ń béèrè bóyá ti apá òsì náà ò ní pẹ́ jẹrà. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n mu omi tútù tán. Nimotalahi bu òmíràn wá. Láti ẹ̀yìn, wọ́n ń gbọ́ ìró nǹkan tí wọ́n ń tú, àti ẹ̀rín, àti ohùn Bàbá Japheth tó ń ké pé, "Jẹ́ kí n ṣe é!"

Nígbà tó pé wákàtí kan, Màmá Leah so ìró rẹ̀ le, ó lọ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ẹ má bínú o. Ọmọ la wá tọrọ."